Ọ̀gá Ní Ká Máa Ṣiṣẹ́ Láti Ilé: Ta Ni Yóò Ra Epo Jẹnẹrétọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Àgbowó, Ìbàdàn, ni mò ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi, yàrá kan àti pálọ̀. Ọ́fíìsì wa wà ní Ring Road títí di oṣù tó kọjá. Ọ̀gá ní owó ilé ti pọ̀ jù, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, ó ní kí gbogbo àwa mẹ́sàn-án máa ṣiṣẹ́ láti ilé. A kọ́kọ́ jó. Ìgbà tí owó oṣù wọlé la tó rí i pé ó ti yọ owó ọkọ̀ kúrò, ó ní a kì í wọ Micra mọ́. Kò fún wa lówó dátà, kò fún wa lówó epo. Ó tún ní kí kámẹ́rà oníkálukú wà ní títàn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi ní tiẹ̀ gbà pé wọ́n ti lé mi níṣẹ́ ni, mo kàn ń fi í pamọ́. Bí mo bá ti jókòó báyìí, ó ti ní kí n lọ lọ ata. Ṣé ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó ṣe yìí? Ta ló yẹ kó máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀?

* * *

Àbúrò mi, kí n tó dáhùn, jẹ́ kí n sọ ibi tí mo jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mò ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Láti 2020 ni mo ti ń ṣe é láti Akóbọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Èkó. Nígbà tó yá, èmi náà gba ọmọ méjì síṣẹ́, ọ̀kan ń gbé Apẹ̀tẹ̀, èkejì ń gbé Mọ́níyà, ilé wọn ni àwọn náà ti ń ṣe é. Mo ti jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń sunkún owó dátà, mo sì ti jẹ́ ọ̀gá tó ń ṣe bíi pé òun ò gbọ́.

Ọ̀gá lè ti ọ́fíìsì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi tipátipá mú un kó máa san owó ilé. Àmọ́ ìnáwó ọ́fíìsì ọ̀hún kò kú o. Ó ti kẹ́rù láti Ring Road wá sínú mítà ìyá rẹ ní Àgbowó ni. Ibẹ̀ ni ìjà wà, kì í ṣe lórí bóyá ilé dára ju ọ́fíìsì lọ.

Ẹ wo télọ̀ tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé náà ni àwọn ìyá wa ti ń fi ẹ̀kọ ya àdìrẹ, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn tó ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó lára. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa níṣẹ́ inú ilé. Jack Nilles, ará Amẹ́ríkà, ló sọ irú tiwa yìí, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni èèyàn fi ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ láti ilé, ní telecommuting lọ́dún 1973. Orúkọ nìkan ló fún un. Ṣùgbọ́n bí epo bá wọ́n lónìí, télọ̀ á fi kún owó ìránṣọ kílẹ̀ tó mọ́. Bí oníbàárà bá pariwo, á ní, “Ṣé ẹ̀yin náà ò rí iye tí wọ́n ń ta epo ni?” Ìwọ tó ń gba owó oṣù, o ò lè fi kọ́bọ̀ kan kún un fúnra rẹ. Télọ̀ ń fi owó epo pamọ́ sínú aṣọ, ìwọ kò rí ibi tí o máa fi í pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ hàn nínú àdéhùn yín.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn yòókù kọ. Ohùn tó pọ̀ jù ni pé kí o dúpẹ́ pé o ríṣẹ́ ṣe, pé àwọn tó ń wá irú ẹ̀ pọ̀ nílùú yìí. Òótọ́ ni, àmọ́ ọpẹ́ kì í ra dátà. Àwọn kan ní kí o gbé e lọ kóòtù lọ́la. Àwọn yìí ò tíì san owó lọ́yà rí. Èyí tó mú mi dúró ni ti bàbá tó kọ̀wé láti Dùgbẹ̀, tí wọ́n ní àwọn náà gba èèyàn síṣẹ́: wọ́n ní owó ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ kò ná mọ́ ti tó láti ra epo, kí ló tún ń fẹ́?

Ẹ má bínú o, bàbá wa, ẹ ò ka ìbéèrè yẹn tán. Wọ́n ti yọ owó ọkọ̀ ọ̀hún. Kí ló wá kù tí yóò fi ra epo?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kọ̀ǹpútà alágbèéká á jẹ nǹkan bí 60 wáàtì, fáànù tábìlì bí 60, ráútà 10, gílóòbù LED 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140. Ní wákàtí 8, ó di wáàtì-wákàtí 1,120. 1,000 ni yúníìtì kan, ìyẹn yúníìtì kan àti díẹ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22, nǹkan bíi yúníìtì 25 nìyẹn. Àwọn tó wà lójú iná Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ni wọ́n gbé owó yúníìtì kan tiwọn kúrò ní 68 náírà sí 225 ní oṣù Kẹrin 2024. Ní 225 yẹn, ó ti lé ní 5,500 náírà lóṣù, iná nìkan, láìtíì ka ti ìyá rẹ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ìyẹn bí iná bá wà. Bí wọ́n bá mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lọ́dọ̀ mi ń mu lítà kan ní wákàtí méjì. Ká ní wákàtí mẹ́rin ni iná kì í sí lásìkò iṣẹ́, lítà 2 lójúmọ́ ni, lítà 44 lóṣù. Kó tó di 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà kan kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti kọjá 480. Lítà 44 tí kò tó 9,000 di ohun tó lé ní 21,000. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín lónìí ṣírò tiyín, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá owó Micra láti Àgbowó dé Ring Road tó o.

Má fẹnu sọ ọ́ fún ọ̀gá. Fi ìwé kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Odidi ọdún kan ni mo fi bẹ ọ̀gá tèmi pé “ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan le,” tó ń dá mi lóhùn pé nǹkan le fún gbogbo ayé. Ọjọ́ tí mo fi ìṣirò ránṣẹ́, tí iye yúníìtì àti iye lítà hàn gbangba, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí. Èèyàn lè bá ẹkún jiyàn, àmọ́ ó ṣòro kó tó bá 44 jiyàn.

* * *

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Èyí bí mi nínú ju ti epo lọ.

Ìpàdé orí fídíò lè jẹ nǹkan bí 1GB ní wákàtí kan. Láti aago mẹ́jọ sí márùn-ún jẹ́ wákàtí 9. Lọ́nà 22, ó di 198GB lóṣù. Láti oṣù Kìíní 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ti gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn, ta ló fẹ́ ra 198GB kí ọ̀gá lè máa wo irun orí ẹ?

Yàtọ̀ sí owó, yàrá kan àti pálọ̀ ni ẹ ní. Kámẹ́rà tó ń wò ọ́ ń wo ìyá rẹ tó ń ti ibi ìwẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìró àyà. Kì í ṣe ìyá rẹ ni wọ́n gbà síṣẹ́. Sọ fún ọ̀gá pé wàá tan kámẹ́rà fún ìpàdé àárọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wàá sì máa fi iṣẹ́ tí o parí ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, kó béèrè iṣẹ́. Ojú tó ń wo kọ̀ǹpútà lè máa wo bọ́ọ̀lù.

Ẹnì kan ní ní ilẹ̀ Potogí, òfin 2021 sọ pé agbanisíṣẹ́ ni yóò san àfikún owó iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ láti ilé bá fà, kò sì gbọdọ̀ máa yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn àsìkò iṣẹ́ àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ nípa rẹ̀. Lisbon, olú ìlú wọn, kò sí ní ojú ọ̀nà Òjóò. Àmọ́ ẹ lè fi han ọ̀gá kó lè mọ̀ pé ohun tí ẹ ń béèrè kì í ṣe ìwọra.

* * *

Ẹ ní kí ni òfin tiwa wí. N kì í ṣe lọ́yà, ohun tí mo ti fi ojú ara mi kà ni mo máa sọ.

Labour Act ti wà láti àwọn ọdún 1970, ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ń gba odidi yàrá. Irú iṣẹ́ tiwa yìí kò sí lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́. Síbẹ̀, abala 7 rẹ̀ ní láàárín oṣù mẹ́ta tí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́, iye owó àti wákàtí tó máa ṣe. Bí ìyẹn bá sì yí padà, kí wọ́n fi ìwé sọ ọ́. Ibi tó ti há ni pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́. Bí iṣẹ́ rẹ bá jẹ́ ti máníjà tàbí ti ọ̀mọ̀ràn, ìwé tí o fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ọ́ ló máa sọ̀rọ̀ fún ọ. Nítorí náà, wá ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ jáde lálẹ́ òní. Bí owó ọkọ̀ bá wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀gá kàn fi ọ̀rọ̀ WhatsApp yọ ọ́, o ní ẹjọ́ láti rò. Kóòtù àwọn òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka níbí ní Ìbàdàn. Mi ò ní kí o sáré lọ síbẹ̀. Mo ní kí ọ̀gá mọ̀ pé o mọ̀ pé ó wà.

Èyí tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni Employee's Compensation Act ti 2010. Ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ ń san sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú owó náà, fún un, fún ọjọ́ tí ìjàǹbá iṣẹ́ bá ṣẹlẹ̀. Abala 11 rẹ̀ kan ẹni tó ṣèṣe níbi tí kì í ṣe ibi iṣẹ́ gan-an, bí agbanisíṣẹ́ bá ti gbà fún un pé kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa: bí agbanisíṣẹ́ bá ti gbà fún un. Báwo lo ṣe máa fi hàn pé ó gbà?

Ọ̀rẹ́ mi kan ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ nítorí ìpàdé aago mẹ́wàá. Okùn já, ó fi ẹ̀yìn lulẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fọ́. Nígbà tó sọ fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ilé ló wà lọ́jọ́ náà. Máníjà tó fi ẹnu sọ fún un pé kó máa ṣe é láti ilé ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, fóònù tí wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ olè. Òun ló san owó oníegungun. Ìlà kan ṣoṣo lórí ìwé ni ì bá gbà á: “Láti ọjọ́ báyìí, ilé rẹ ni ibi iṣẹ́ rẹ.”

Tèmi náà rèé. Nígbà tí mo fi ilé-iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí n fi kọ̀ǹpútà wọn ránṣẹ́ sí Èkó. Mo gbé e fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní Ìwó Road, owó ara mi ni mo fi gbé e. Ó dé ọ̀hún, wọ́n ní ojú rẹ̀ ti sán, wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi tó kẹ́yìn. Ṣé èmi ni mo fọ́ ọ ni, àbí ọlọ́kọ̀, àbí ẹni tó tú u? Títí dòní, Ọlọ́run ló mọ̀. Ìgbà tó yá ni mo kà á nínú abala 5 Labour Act pé agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ yọ owó nítorí ohun tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ tàbí fi àìbìkítà bà jẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́. Yálà òfin ọ̀hún kàn mí tàbí kò kàn mí, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ní báyìí, bí kọ̀ǹpútà kan bá máa kúrò lọ́wọ́ mi, mo máa ń ya fọ́tò rẹ̀ níwá, lẹ́yìn, lójú tó ń tàn. Àwọn ọmọ mi méjèèjì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó-orí, kíákíá, torí ẹni tó béèrè pé ọ́fíìsì òun wà ní Èkó, ilé òun wà ní Olúyọ̀lé: owó-orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù ń tẹ̀lé ìlú tí èèyàn ń gbé, kì í tẹ̀lé ibi tí ọ́fíìsì wà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni tìrẹ. Sọ fún ẹni tó ń ṣètò owó oṣù yín, kí wàhálà má bàa bá ọ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí owó-orí.

* * *

Ẹ ti kúrò lórí owó, ẹ ti wà lórí àga. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àga.

Nígbà tí wọ́n ti Èkó pa ní 30 oṣù Kẹta 2020, àwa níbí kò wà nínú irú ìsémọ́lé yẹn. Kónílé-ó-gbélé alẹ́ ni wọ́n ṣe fún wa. Àmọ́ Èkó ni iṣẹ́ mi wà, nítorí náà mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ láti oṣù Kẹrin títí di Kejìlá. Kí ọdún tó parí, mi ò lè dìde láìfọwọ́ ti ìdí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni àga, kì í ṣe ráútà. Mi ò ra tuntun, ti ọ́fíìsì kan tó ń kó kúrò ní Mọ́kọ́lá ni. Bí ọ̀gá rẹ bá ti ti ọ́fíìsì, níbo ló kó àwọn àga mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí? Béèrè tìrẹ. Òótọ́ ni mò ń sọ. Kò ná an ní nǹkan kan ju owó ọkọ̀ tó máa gbé e lọ.

Ní ti ínfátà, àwọn tó ní “ra bátìrì kan, ó tán” kò ṣírò ó dáadáa. Bátìrì 12V 200Ah olómi-ásíìdì ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú lójú ìwé (12 lọ́nà 200), àmọ́ bí o bá ń lò ó kọjá ìdajì, o ń pa á ni. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1,200. Iṣẹ́ ọjọ́ kan tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 1,120, ínfátà fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù fún tẹlifíṣọ̀n. Bátìrì lithium ni wọ́n ń lò jìnnà ju ìyẹn lọ kó tó ní kí wọ́n tún fi í sí iná, owó rẹ̀ náà sì jìnnà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé páálì sólà sórí òrùlé onílé, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé tiyín ni, ẹ máa kó o lọ bí ẹ bá ń lọ. Onílé àdúgbò wa kan ní ohun tí wọ́n bá fi ìṣó kàn mọ́ ilé òun ti di ti ilé. Onílé kan náà fẹ́ fowó kún owó ilé torí pé ayálégbé rẹ̀ ń jókòó sílé láti òwúrọ̀. Ó ní ó ti sọ yàrá di ṣọ́ọ̀bù. Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ní òun ń tan jẹnẹrétọ̀ nínú kọ́rídọ̀ torí olè, mo bẹ̀ ẹ́, kúrò níbẹ̀ lónìí. Gáàsì carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó ń pa èèyàn sójú oorun. Gbé e jìnnà sí fèrèsé, fi ṣéènì dè é mọ́ òpó. Ẹ̀mí ju jẹnẹrétọ̀ lọ.

* * *

Bàbá tó kọ láti Dùgbẹ̀ tún ti padà. Wọ́n ní gbogbo ohun tí mo ń wí yìí, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni, pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọ̀lẹ ni wọ́n, oorun ni wọ́n ń sùn.

Sà, àwọn kan ń sùn. Mi ò jiyàn. Ọmọ Mọ́níyà tí mo gbà, oṣù méjì àkọ́kọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ máa ń kú ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ láti aago méjìlá. Jímọ̀ nìkan. Owó dátà ni mo ń fún un o, èmi tí mò ń wàásù fún yín yìí. Mo bínú débi pé mo fẹ́ ní kó máa tan kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà mo yí ètò padà: ìwé-owó oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, àìparí rẹ̀ ní ohun tó ń fà, aago tó bá wù ú ni kó fi ṣe é. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Jímọ̀ bọ́ sípò. Ó ń fi òru ṣe é ni, mo rí i lára aago tó fi ń ránṣẹ́. Kí ló kàn mí?

Ìwádìí kan wà tí Nicholas Bloom, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2015, lórí Ctrip, ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò ní Ṣáínà. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jẹ́ kí àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà máa ṣiṣẹ́ nílé fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí wọ́n wá sọ́fíìsì fún ọjọ́ kan. Iṣẹ́ wọn fi ìdá 13 nínú 100 pọ̀ sí i, iye wọn tó ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ sì já sí ìdajì. Àwọn alátìlẹ́yìn iṣẹ́ ilé fẹ́ràn láti dúró síbẹ̀ yẹn. Àmọ́ ó kù: ẹni tó ní yàrá tirẹ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì tó dáa nílé nìkan ni wọ́n gbà láyè. Nígbà tó parí tí wọ́n ní kí oníkálukú tún yàn, ó lé ní ìdajì tó yí ọkàn padà. Bí a bá sì fi iṣẹ́ wé iṣẹ́, ìgbéga kò kan àwọn tó wà nílé bó ṣe kan àwọn tí ọ̀gá ń rí lójúkojú. Nítorí náà, àbúrò, àǹfààní tí bàbá wa sọ pé kò sí wà. Ewu tí àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń jó kò fẹ́ gbọ́ náà wà. Bẹ ọ̀gá kó yá yín ní tábìlì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń fi ọ́fíìsì háyà fún wákàtí. Ẹ jókòó pa pọ̀. Ẹ jẹ àmàlà. Kó rí ojú ẹ.

* * *

Ọmọkùnrin tó kọ láti Sángo, mo gbọ́ ohun tó ṣe ọ́. Ó ní oníbàárà òun wà ní Amẹ́ríkà, òru ni òun fi ń ṣiṣẹ́, àwọn aládùúgbò ti ń pe òun ní ọmọ Yahoo. Wọ́n sì ti dá òun dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà torí kọ̀ǹpútà tó wà nínú báàgì. Ìwọ náà nílò ìwé. Káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò àti lẹ́tà kan tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí, tó sọ pé òṣìṣẹ́ wọn ni ọ́, pé ilé lo ti ń ṣe é, pé kọ̀ǹpútà tó ní nọ́ńbà báyìí wà níkàáwọ́ rẹ. Tẹ̀ ẹ́ jáde, má fi sínú fóònù, torí fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbà. Lọ kí alága àdúgbò, fi ìwé náà hàn án. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ní bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú, ta ló ni ọjọ́ náà? Ìbéèrè tó dáa jù lónìí nìyí. Ní 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bíi MainOne àti WACS bà jẹ́ létíkun Côte d'Ivoire. Báǹkì ò ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣiṣẹ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà láti Akóbọ̀ lọ sí Bódìjà, mo tún dé UI, bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Oníbàárà mi ní Èkó ní àwáwí ni mò ń ṣe, títí òun náà fi gbìyànjú láti fi owó ránṣẹ́ tí kò lọ. Láti ìgbà náà, ó wà nínú gbogbo àdéhùn mi pé bí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ kọjá wákàtí mẹ́rin, màá fi tẹ́ẹ̀sì lásán sọ fún oníbàárà, ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹ kó parí á sún síwájú ní ọjọ́ kan, kò sì sí owó tó máa yọ. Àwọn ọmọ méjì náà ní irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ti lò ó.

* * *

Àbúrò ti padà wá. Ó ní òun fi ìṣirò ránṣẹ́, gbogbo wọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ti gbà láti fún wọn lówó dátà, kámẹ́rà ti di ti ìpàdé nìkan, ìdajì owó ọkọ̀ ti padà wọlé. Ọ̀gá ní epo kò sí nínú ọ̀rọ̀, kí wọ́n má tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀ mọ́. Àbúrò ní ṣé kí àwọn gbà?

Ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kó wà lórí ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ máa tún jókòó sọ̀rọ̀ iná. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, kọ iye wákàtí tí wọ́n mú iná lọ sínú ìwé kékeré kan lójoojúmọ́, tọ́jú rìsíìtì epo. Má dárúkọ epo fún un báyìí. Ọ̀gá tó ti gba mẹ́ta nínú mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ṣe ìṣirò ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ti rí iye tí Ring Road ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àga ńkọ́? O ò sọ bóyá o béèrè àga.

Ti ìyá rẹ ló kù. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa ní 2020, wọ́n sì gbà pé eré ni mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Mo gbìyànjú àlàyé, kò wọlé. Mo wá ń wọ aṣọ iṣẹ́ láàárọ̀, mo ń wọ bàtà, mo ń fi káàdì kọ́rùn, mo ń sọ pé “Màámi, ó dàárọ̀ o,” kí n tó wọ yàrá kejì kí n sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn kì í kànkùn. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ tí mò ń fi òyìnbó bá ọkùnrin kan jà lórí owó ni wọ́n pa rédíò, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ dákẹ́, Màmá wà níbi iṣẹ́.

Ní ti ata, aago kan ni o máa ń dìde jẹun. Sọ fún un pé aago kan lo máa lọ lọ̀ ọ́.